Mo fẹ́ tún ọ̀nà tó gba orí ilẹ̀ aládùúgbò mi ṣe: ibo ni ẹ̀tọ́ mi dé?

Ará Ẹ̀yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tú u fún mi dáadáa, nítorí n kò fẹ́ bá aládùúgbò mi dé kóòtù.

Ilẹ̀ tí mò ń gbé kò kan títì. Ilẹ̀ bàbá kan ló wà láàárín èmi àti títì, orí rẹ̀ la sì ń gbà wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fojú àánú wò wá o, ó wà nínú ìwé. Nígbà tí bàbá tó bí wọn gé ilẹ̀ ẹ̀yìn tà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ni ilẹ̀ ẹ̀yìn lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gba ojú ọ̀nà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4, ní ẹsẹ̀ àti ní ọkọ̀, nígbàkúùgbà, títí láé. Wọ́n fi yíǹkì pupa fa ojú ọ̀nà náà sórí àwòrán ilẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó mítà 180. Ìwé náà kò sọ ohunkóhun nípa àtúnṣe, kò sì sọ ẹni tí yóò máa sanwó rẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni ipa táyà méjì, tí koríko hù sí àárín wọn. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 40, tó rẹlẹ̀ ju ìyókù lọ. Bí òjò bá ti rọ̀ léraléra, ibẹ̀ á di ẹrẹ̀ tí táyà ọkọ̀ á rì sí dé ìdajì. Màmá mi kò lè rìn mọ́, orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà. Lóru ọjọ́ kan tí ara wọn kò yá, ọkọ̀ tó wá gbé wọn kò lè kọjá ibẹ̀. Èmi àti àbúrò mi la gbé wọn lọ́wọ́ la inú ẹrẹ̀ náà já. N kò lè jẹ́ kírú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n kó iyẹ̀pẹ̀ gbé ibi tó rẹlẹ̀ yẹn sókè, kí n ri páìpù sábẹ́ rẹ̀ kí omi lè máa gba ibẹ̀, kí n da òkúta wẹ́wẹ́ sí gbogbo ọ̀nà náà, kí n fẹ ibi tó ti yí kọ́nà kí ọkọ̀ ńlá lè rí ààyè yí, kí n sì gba ibẹ̀ ri wáyà iná wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo lọ sọ fún bàbá. Wọn kò bínú, wọ́n tiẹ̀ béèrè àlàáfíà màmá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Bí ọ̀nà náà ṣe wà nígbà tí bàbá mi fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kó wà. Ẹ dí kòtò, ẹ má ṣe la títì."

Ṣé òótọ́ ni pé dídí kòtò nìkan ni mo lẹ́tọ̀ọ́ sí? Ṣé mo lè ṣe iṣẹ́ náà bí wọn kò bá tiẹ̀ gbà? Ta ló ń sanwó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n lọ bẹ wọ́n. Màá bẹ̀ wọ́n. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí mo dúró sí kí n tó lọ ni.

Amòfin Àgbà

Ẹ kú àfaradà, Ará Ẹ̀yìn. Kí Ọlọ́run fún màmá ní àlàáfíà.

Ohun tí ilé ẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ wò ni bí ẹ̀tọ́ ọ̀nà náà ṣe wáyé. Tiyín wà nínú ìwé, ìyẹn sì lágbára gan-an. Nínú ẹjọ́ Newcomen v Coulson, tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1877, ilé ẹjọ́ là á yé wa pé ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà lè wọ orí ilẹ̀ náà láti ṣe ohun tí yóò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà wúlò fún un. Kò mọ sórí dídí kòtò nìkan, ó lè la ọ̀nà gidi síbẹ̀. Bí ìwé bá ní ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ nígbàkúùgbà, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ̀ kì í lè gba ibẹ̀ bí òjò bá rọ̀, a jẹ́ pé òkúta tí ẹ fẹ́ dà síbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹjọ́ Mills v Silver, tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1991. Níbẹ̀, kò sí ìwé kankan. Pípẹ́ tí wọ́n ti ń gba ibẹ̀ ló bí ẹ̀tọ́ wọn. Ilé ẹjọ́ gbà pé wọ́n lè máa fi ọkọ̀ gba ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní títì olókùúta tí wọ́n ṣe sórí ilẹ̀ olóko náà ti kọjá àtúnṣe, wọ́n ti wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn. Ohun tí bàbá onílẹ̀ yẹn sọ fún yín gan-an nìyẹn. Ká ní ìlò lásán ló bí ọ̀nà yín ni, ọ̀rọ̀ wọn ì bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má rò pé wọ́n kàn ń ṣe orí kunkun.

Òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí ìkejì, òfin ibi tí ilẹ̀ yín wà ni ẹ ó kà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló jọra. Nínú ìwé òfin Faransé tó ti wà láti ọdún 1804, abala 697 jẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ tó bá yẹ kó lè lò ó kó sì dáàbò bò ó. Abala 698 ní owó ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é, àfi bí ìwé bá sọ ohun mìíràn. Abala 701 kọ̀ fún onílẹ̀ láti ṣe ohun tí yóò bu ẹ̀tọ́ náà kù. Abala 702 sì kọ̀ fún ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti ṣe àyípadà tí yóò dá kún ẹrù onílẹ̀. Ti Jámánì, abala 1020 nínú ìwé òfin wọn, ní kí ẹni tó ń lo ẹ̀tọ́ náà ṣe é jẹ́jẹ́, kó dá ire onílẹ̀ sí débi tó bá ṣeé ṣe.

Ẹ̀yin lẹ ó sanwó, nìyẹn. Onílẹ̀ kò jẹ yín ní àtúnṣe. Ohun tó jẹ yín ni pé kó má dínà. Bí àwọn míì bá jọ ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú yín, ẹ lè jọ pín in. Ní ìpínlẹ̀ California, abala 845 nínú òfin ìlú wọn sọ pé bí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ọ̀nà bá pọ̀ tí wọn kò sì ní àdéhùn, bí oníkálukú ṣe ń lò ó tó ni yóò fi sanwó.

Ohun méjì nínú ètò yín ni n kò fara mọ́. Kọ́nà tí ẹ fẹ́ fẹ̀: bí ó bá ti jáde kúrò nínú mítà 4 yẹn, ilẹ̀ bàbá lẹ ń gbà, kò sí àlàyé kankan. Ó dùn mí pé ẹni tó kọ ìwé náà kò ro ti kọ́nà, nítorí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ti mọ̀ ọ́n: òfin wọn ní kí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 níbi tó bá lọ tààrà, kó sì jẹ́ 16 níbi tó bá ti yí. Èkejì ni wáyà iná. Ẹ̀tọ́ láti kọjá kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti ri nǹkan sábẹ́ ilẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ ẹ wá tọrọ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọ Awọnlẹ̀

Amòfin ti sọ̀rọ̀ tó. Tèmi kò gùn.

Ṣé ẹ dá a lójú pé ipa táyà tó wà nílẹ̀ yẹn ni ọ̀nà tó wà nínú ìwé? Níbi tí ẹrẹ̀ bá wà, àwọn awakọ̀ máa ń yà fún un. Ọdún dé ọdún, ipa náà á máa sún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jáde kúrò lójú ilà, kò sì ní sí ẹni tó fura. Bí ẹ bá wá da òkúta lé ipa yẹn, orí ilẹ̀ ẹlòmíì lẹ dà á sí, ẹ̀tọ́ inú ìwé kò sì lè gbà yín níbẹ̀. Ẹ pe awọnlẹ̀ kó wá fi èèkàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mítà 4 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí bàbá sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rì í mọ́lẹ̀. Èèkàn tí ó bá ṣojú wọn kò ní dìjà lọ́la.

Ẹlẹ́rọ Ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ mi ni títún irú ọ̀nà báyìí ṣe, mo sì bẹ̀ yín: ẹ fi òkúta sílẹ̀ ná, ẹ wo omi. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ.

Ibi tó rẹlẹ̀ yẹn, ojú omi ni. Láti ayé tó ti wà, omi ń ti apá kan ilẹ̀ bàbá gba ibẹ̀ sọdá sí apá kejì. Bí ẹ bá kó iyẹ̀pẹ̀ gbé e sókè, ìdídò lẹ mọ sórí ilẹ̀ wọn yẹn. Omi á dúró sókè, á kún ọgbà wọn. Bí ẹ bá wá ri páìpù sí i, gbogbo omi tó ti ń tàn káàkiri jẹ́jẹ́ á kóra jọ sójú kan, á tú jáde pẹ̀lú agbára, á sì máa gbẹ́ ilẹ̀ wọn ní ìsàlẹ̀. Ohun tí amòfin kà láti inú òfin Faransé nípa dídá kún ẹrù onílẹ̀, ẹ rò ó mọ́ èyí.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Páìpù kékeré kò dára, ewé àti ẹ̀ka igi á dí i. Ká ní ẹ lo èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Bó bá jẹ́ oníke, ó kéré tán, ó fẹ́ ìbòrí sẹ̀ǹtímítà 30 kí ọkọ̀ má bàa fọ́ ọ. Bí kò bá sí kòtò kankan nílẹ̀ tí ẹ lè tẹ́ páìpù náà sí, ọ̀nà yín ti ga ní sẹ̀ǹtímítà 75. Iyẹ̀pẹ̀ tí a kó jọ kì í dúró bí ògiri. Bó bá ga ní ìwọ̀n 1, ó yẹ kó tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n 2. Ìyẹn gba mítà 1.5 lọ́tùn-ún, mítà 1.5 lósì. Nínú mítà 4 tí ẹ ní, mítà 1 péré ló kù lókè. Ọkọ̀ wo ló máa gba ibẹ̀? Bí ẹ bá sì ní òkè lẹ fẹ́ kó fẹ̀ tó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á jáde sórí ilẹ̀ bàbá.

Ohun tí èmi máa ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ rẹlẹ̀ bó ṣe wà, kẹ́ ẹ wá mú un le. Ẹ wa ẹrẹ̀ náà kúrò tó sẹ̀ǹtímítà 30 níbi tó gùn ní mítà 40 yẹn, ní fífẹ̀ mítà 3. Ẹ tẹ́ aṣọ tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà ń lò sí ìsàlẹ̀, èyí tí omi ń gbà kọjá tí ẹrẹ̀ kò lè gbà jáde. Bí kò bá sí i, òkúta á máa rì wọlé ni, ẹ ó kàn máa rà á lọ́dọọdún. Ẹ da òkúta ńlá olójú mímú sórí rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí rólà tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá fi òkúta wẹ́wẹ́ tó ní lẹ́búlẹ́bú òkúta nínú ṣe sẹ̀ǹtímítà 10 òkè, kí rólà tún gun ìyẹn náà pẹ̀lú omi díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á tó kúbíìkì mítà 36 lẹ́yìn tí rólà bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní òkúta odò tó rí roboto. Ó ń dán, kì í di ara wọn mú, á kàn máa yí kiri lábẹ́ táyà. Lẹ́búlẹ́bú inú òkúta fífọ́ ló ń jẹ́ kó dì, òun náà ni yóò jẹ́ kí àga màmá lè yí lórí rẹ̀ láìsí ìnira púpọ̀. Níbi tí omi ti ń jáde lápá ìsàlẹ̀, ẹ to òkúta ńláńlá sí etí rẹ̀, nínú mítà 4 yín, kó má bàa gbẹ́ ẹ.

Omi á wá máa ṣàn gba orí ọ̀nà kọjá bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì ní sí ẹrẹ̀. Bí ẹ bá rí i nínú òjò pé omi tó ń kọjá jìn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tí kì í sì í tètè fà, ètò yìí kò tó, nítorí ọkọ̀ tó wá gbé aláìsàn lóru kò lè dúró de omi. Ògiri kọ́ńkéré ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló kù, pẹ̀lú ihò omi tó gbòòrò láàárín. Ìyẹn kò ní gba ààyè púpọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láìsí pé bàbá fọwọ́ sí i, nítorí ojú omi wọn lẹ fẹ́ tọwọ́ bọ̀.

Ní ti mítà 140 tó kù, kò nílò nǹkan ńlá. Ẹ fá koríko rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àárín ga ju etí lọ ní ìwọ̀n 4 nínú 100. Fún ọ̀nà mítà 4, ìyẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 láti àárín dé etí. Omi kò ní rí ibi dúró sí. Kọ́ltà? Ẹ má tiẹ̀ rò ó. Lórí ilẹ̀ tó ń mu omi báyìí, á là, àtúnṣe rẹ̀ á sì le ju ti òkúta lọ.

Onílẹ̀ Iwájú

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, ti màmá sì dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹnu tí bàbá yẹn fi sọ̀rọ̀ ni èmi náà fi ń sọ̀rọ̀, nítorí orí ilẹ̀ mi ni àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń gbà.

Àárọ̀ kùtù ni mo gbọ́ ìró típà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Wọ́n da òkúta sórí ohun tí mo gbìn, wọ́n sì wó ọgbà mi lápá kan kí ọkọ̀ lè rí ààyè yí. Nígbà tí mo jáde, ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún wọn fi ìwé hàn mí pé òun lẹ́tọ̀ọ́. Òótọ́ ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá. Kò lẹ́tọ̀ọ́ sórí ọgbà mi. Kì í ṣe òkúta ló bí mi nínú, bí wọ́n ṣe ṣe é bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ni.

Mo fẹ́ kó o mọ ohun tó máa ń ba ẹni tó ni ilẹ̀ lẹ́rù. Bí ọ̀nà bá ti dára, ọkọ̀ á pọ̀ sí i, wọ́n á sì máa sáré. Eruku á wọlé. Lọ́la, ẹni tó wà lẹ́yìn lè gé ilẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tà, kí ogún ìdílé máa gba ẹnu ọ̀nà mi. Mo ń ro ọmọ ọmọ mi tó ń ṣeré níta. Kò sí ẹni tó sọ pé irú ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀, èmi sì ni màá máa gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó tù mí lára nígbẹ̀yìn ni ìwé tí a jọ kọ. Ó wà níbẹ̀ pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe kò fi kún fífẹ̀ ọ̀nà, kò sì sọ ẹ̀tọ́ wọn di púpọ̀ sí i. Wọ́n gbà pé àwọn ni yóò máa tún un ṣe, pé àwọn yóò sọ fún mi kí oníṣẹ́ tó wá, àti pé ohunkóhun tí ọkọ̀ iṣẹ́ bá bàjẹ́ lórí ilẹ̀ mi, àwọn ni yóò dá a padà sí bó ṣe wà. Géètì mi dúró síbi tó wà, mo sì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà, a ń kí ara wa.

Nítorí náà, bó o bá lọ bá bàbá, má kọ́kọ́ bá wọn sọ ohun tí òfin fún ọ. Béèrè ohun tó ń ba wọ́n lẹ́rù gan-an.

Ará Ẹ̀yìn

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìyá mi Onílẹ̀ Iwájú, mo dúpẹ́. Ìbéèrè tí ẹ ní kí n béèrè ni mo lọ béèrè.

Omi ni. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé wọn, wọ́n fi ògiri yàrá ìkẹ́rù wọn hàn mí, níbi tí omi ti máa ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ bí òjò bá le. Wọ́n ní bí n bá gbé ọ̀nà sókè, omi ò ní rí ibòmíì gbà àfi inú yàrá yẹn. Mo dúró síbẹ̀ nínú òjò, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga ju ti ọ̀nà lọ tó bẹ́ẹ̀. Mo tún wọn omi tó ń gba ojú ọ̀nà kọjá, kò jìn tó èyí tí Ẹlẹ́rọ Ọ̀nà bẹ̀rù. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé n kò gbé ibẹ̀ sókè mọ́, pé a máa mú un le bó ṣe rẹlẹ̀ ni, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní òkúta nìkan kì í ṣe ìjà.

Ohun tí Ọmọ Awọnlẹ̀ sọ náà rí bẹ́ẹ̀. Níbi ẹrẹ̀ yẹn, ipa táyà ti yà bọ́ sórí ilẹ̀ wọn gan-an. Awọnlẹ̀ ń bọ̀, bàbá sì ti ní àwọn máa wà níbẹ̀. Kọ́nà, mo ti fi sílẹ̀. Wáyà, a ó sọ ọ́ nígbà mìíràn.

Ó ku ìbéèrè kan, Amòfin. Bí èmi àti bàbá bá jọ kọ irú ìwé tí Onílẹ̀ Iwájú sọ yẹn, tí bàbá bá wá ta ilẹ̀ wọn lọ́la, tàbí tí àwọn ọmọ wọn bá jogún rẹ̀, ṣé ìwé náà ṣì máa dè wọ́n?

Amòfin Àgbà

Inú mi dùn sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé.

Bí ó bá jẹ́ ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì kàn fọwọ́ sí tí ẹ sì tọ́jú sínú àpótí, ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló sábà máa ń dè. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lè sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àfikún sí ìwé àkọ́kọ́ tó fún yín ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà, kí ó dárúkọ ilẹ̀ méjèèjì, kí ó sọ pé ó wà fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ onílẹ̀ lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ sì lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí ó bá ti wà lára àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á á rí i kó tó sanwó.

Ẹ fi ohun tí Onílẹ̀ Iwájú ń bẹ̀rù sínú rẹ̀, nítorí ilé ẹjọ́ náà mọ̀ ọ́n. Nínú ẹjọ́ Jelbert v Davis, ọdún 1968, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà sí ilẹ̀ oko fẹ́ sọ ibẹ̀ di ibùdó ilé alágbèéká àti àgọ́ tó tó 200. Ilé ẹjọ́ ní àwọn tí yóò máa gba ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọ̀nà náà, pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ní ó lè gba ibẹ̀ fún gbogbo ìdí. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ilé gbígbé yín ni ọ̀nà náà wà fún, ọkàn bàbá á balẹ̀, ẹ kò sì pàdánù ohunkóhun tí ẹ nílò.

Ẹ so àwòrán tí awọnlẹ̀ bá yà mọ́ ọn, pẹ̀lú fọ́tò ọ̀nà náà àti ti ògiri yàrá ìkẹ́rù yẹn bí wọ́n ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí bàbá buwọ́ lu ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin náà buwọ́ lù ú, kí ọjọ́ tí ẹ yà á wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe típà.